Aṣọ Pupa Létí Kànga

Màmá mi kì í fẹ́ kí ará àdúgbò mọ ohun tó ń ṣe àwọn. Tí ibà bá mú wọn, wọ́n á ní oorun ló ń kun àwọn. Tí orúnkún bá ń dùn wọ́n, wọ́n á gbé àga síwájú ilé, wọ́n á ní àwọn ń gba atẹ́gùn. Nígbà tí dókítà wá sọ fún wa pé àìsàn ṣúgà ni, tó ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n á máa gún láràárọ̀, n kò gbọ́ kí wọ́n bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà máa ń dunni. Ohun tí wọ́n bèèrè ni bóyá dandan ni kí èèyàn gbé e gba ojú títì kọjá. Dókítà wò mí, èmi náà wò ó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa wá láílọ́ọ̀nù dúdú kan.

Ìlú Oǹdó ni Màmá ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kí wọ́n tó kú. Èmi àti ọkọ mi wà ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀síteètì Ijapo, iṣẹ́ ìjọba la jọ ń ṣe. Lẹ́yìn ilé Màmá, kànga kan wà níbẹ̀ tí bàbá mi gbẹ́, tí kì í gbẹ bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Bàbá mi ò mọ odi yí i ká, gbogbo àdúgbò ló ń pọnmi níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ariwo bọ́kẹ́ẹ̀tì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, Màmá á sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á máa dá sí ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá dé: ẹni tó lóyún, ẹni tó bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nídàánwò. Èmi tí mo wà ní Ijapo ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má mọ̀ bóyá aládùúgbò mi wà nílé tàbí ó ti kó lọ.

Abẹ́rẹ́ yẹn, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Iná àdúgbò wa sì rèé, àlejò ni: ó máa ń yọjú, kì í sùn. Ìgbà kan wà tí kò tiẹ̀ yọjú rárá, oògùn bàjẹ́ nínú fíríìjì, Màmá ò mọ̀, wọ́n ń gún un bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òòyì kọ́ wọn nílé ìdáná, wọ́n ṣubú. Nígbà tí mo sáré dé ilé ìwòsàn, mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé ilẹ̀ ló yọ̀. Inú bí mi débi pé mò ń sunkún, mo sì ń jágbe mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, tí n kò bá rí iná tí kì í lọ nínú ilé yẹn, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń bá mi lọ. Màmá ò jà. Wọ́n kàn yíjú sí ògiri. Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n gan-an, torí ẹni tó bá mọ Màmá mọ̀ pé wọ́n máa ń jà.

Ẹ ó ní kí ló dé tá ò ra jẹnẹrétọ̀. A rà á. Màmá ò lágbára àtifa okùn rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń mú wọn wúkọ́. Ẹ ó tún ní sólà ńkọ́. Igi àgbálùmọ̀ tí bàbá mi gbìn ló ṣíji bo òrùlé ilé yẹn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, oòrùn tó ń dé orí páànù kò tó èyí tí wọ́n fi ń sá ata. Kí a wá gé igi náà ńkọ́? Ẹ lọ sọ fún Màmá fúnra yín, èmi ò sí níbẹ̀. Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé kẹ́míìsì kan wà lójú títì, ilé kejì sí ti Màmá, tí sólà tò sórí rẹ̀, tí fíríìjì rẹ̀ ń tutù nini tọ̀sán-tòru. Mo máa ń wo sólà yẹn bí ẹni ń wo oúnjẹ olóúnjẹ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àìsàn yìí ti dé ni Màmá ti ṣíwọ́ àtira oògùn ẹ̀fọ́rí pàápàá níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ojú àwọn.

Ọkọ mi ló mú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó sì wà lára àwọn ọkùnrin tó gbà pé kò sí iṣẹ́ tí èèyàn ò lè kọ́ lórí fóònù. Ó ti rí fídíò kan tí wọ́n gbé ohun tó jọ fáànù ńlá sórí òpó, tí afẹ́fẹ́ ń yí i, tí iná sì ń wọlé. Ó ní ṣebí bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé Màmá pa lásìkò ọyẹ́, ó tó iná tàn. Mo bi í bóyá ilẹ̀kùn la fẹ́ tanná sí. Ṣùgbọ́n mo ní kó lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá, torí nígbà yẹn, kò sí ohun tí n kò lè gbìyànjú kí Màmá má baà yíjú sí ògiri mọ́.

Ó rí ẹnjiníà kan, ọmọ Ìjù tó ń gbé ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin náà ti ri irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oko adìẹ kan lórí òkè lẹ́bàá Ìpògún, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ilé wa kọ́ṣẹ́. A jọ wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé kan. Láti Ọ̀wẹ̀nà títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró ló ń kọ́ wa pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú díwọ̀n. Ó ní ẹni tó ra ẹ̀rọ kó tó wọn afẹ́fẹ́, ṣòkòtò ló rán sílẹ̀ kó tó mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ó ní a máa ri òpó, a máa gbé ohun tó ń ka eré afẹ́fẹ́ sórí rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ títí a ó fi mọ ìwà afẹ́fẹ́ ilé náà. Ó tún ní ilé àti igi máa ń da afẹ́fẹ́ lórí rú, ó lè máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lókè kó máa ṣe wèrè nísàlẹ̀. Ọkọ mi ń mi orí bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ.

Ibi tó jìnnà jù sí igi àgbálùmọ̀ ni etí kànga, nítorí náà, ibẹ̀ ni wọ́n ri òpó irin náà sí. Àwọn ife kéékèèké ń yí lórí rẹ̀, ìyẹn ló ń ka eré afẹ́fẹ́. Kí a lè máa fojú rí bí igi ṣe ń dà á láàmú, ẹnjiníà ní ká so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òpó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí aṣọ bá nà gbọọrọ, afẹ́fẹ́ dáa. Tó bá ń jó síwá sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ò lórí. Mo bi í pé aṣọ aláwọ̀ wo, ó ní èyí tí ojú Màmá á máa rí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo bá ya gèlè pupa mi kan. Aṣọ náà ń lọ́ mọ́ òpó, ni Màmá bá lọ kó ṣùkù àgbàdo gbígbẹ wá, a so ó mọ́ ìdí aṣọ kó lè wúwo díẹ̀. Okùn tó di òpó mú ń ha etí kànga, ó fẹ́ já, ni ọkọ mi bá gé sílípáàsì kan tó ti gbó, ó fi tẹ́ abẹ́ okùn náà. Gbogbo wa dúró, a wo iṣẹ́ ọwọ́ wa, ó wù wá. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni gbogbo wa o, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Kí a tó kúrò, Màmá kìlọ̀ fún wa. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá bi wá ohun tí òpó náà wà fún, ká má sọ. Wọ́n ní tí a bá ní iná la fẹ́ fi fà, ayé á bèèrè pé iná kí ni. Tí a bá ní iná fíríìjì, ayé á ní kí ló wà nínú fíríìjì ọ̀hún. Ẹnu ayé ò lómọrí. Ẹnjiníà ní òun ò ní sọ, ọkọ mi ní òun ò ní sọ. Ní tèmi, ó ti mọ́ mi lára.

Títí a ó fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ máa já sí, inú kúlà ni oògùn wà. Awakọ̀ kan tó ń ná Oǹdó lójoojúmọ́ ló ń bá wa gbé yìnyín lọ láti Àkúrẹ́, ìdààmú gidi ni. Iṣẹ́ Màmá ni láti máa wo aṣọ pupa. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, màá pè wọ́n, màá ní, ṣé ó ń fẹ́? Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbádùn iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní ó fẹ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti lọ sùn. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni afẹ́fẹ́ Oǹdó, ó máa ń jí pẹ́, kì í sì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Èmi á máa rẹ́rìn-ín ní Ijapo, inú ọkọ mi á máa bàjẹ́.

Nígbà tó ṣe, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Màá ní ṣé ó ń fẹ́, wọ́n á ní kò fẹ́. Ó parí, kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí àwàdà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló sú wọn. Ọkọ mi ni mo dojú ìjà kọ, mo ní ọyẹ́ rẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀kùn dà. Àfi bó ṣe di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí n tó bèèrè ohunkóhun, Màmá ní, "Ẹ wá gbé mi lọ sí Àkúrẹ́."

Kí n má parọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti borí. Mo palẹ̀ yàrá kan mọ́, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ra kọ́tìnnì tuntun. Ọkọ mi ló dúró láàárín yàrá náà tó ń bi mí ohun tó mú Màmá yí ọkàn padà. Mo ní kó má wàhálà mi, pé àgbà tó bá ronú, tó rí òótọ́, ká má bi í léèrè.

Nígbà tá a dé Oǹdó láàárọ̀ Sátidé, àpótí Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wọ aṣọ ìjáde, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n kọjú sí kànga. Bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Òwúrọ̀ Sátidé ni o, ọjọ́ ìfọṣọ, ọjọ́ tí èèyàn kì í ríbi gbẹ́sẹ̀ sí létí kànga yẹn. Kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ilẹ̀ tó máa ń rin gbingbin ti gbẹ, ó ti ń sán. Aṣọ pupa ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí òpó. Mo bi Màmá pé àwọn èèyàn dà, wọ́n ní wọn ò wá mọ́, láti ìgbà tí a ti lọ. Ẹlòmíì máa dé ẹ̀gbẹ́ ilé, á yọjú, á sì pẹ̀yìn dà. Mo ní ṣé Màmá ò wá bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ bèèrè? Wọ́n ní ó hàn gbangba pé ẹnì kan nílé ìwòsàn ti tú àṣírí àwọn, àdúgbò ti gbọ́ nípa àìsàn náà, àwọn èèyàn sì ń sá kó má baà ràn wọ́n. Mo ní ṣúgà kì í ràn. Màmá ní ta ló máa wá sọ ìyẹn fún wọn.

"Ilé tí èèyàn kì í wọ̀ mọ́," ni wọ́n wí, "kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe nínú ẹ̀?"

Ó dùn mí wọ egungun. Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo pè, tí wọ́n ní kò fẹ́, tí mo ń bá ọkọ mi jà nítorí afẹ́fẹ́. Ẹkún ń gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n tèmi kì í pẹ́ tó fi máa ń di ìbínú. Mo dìde, mo gba ilé kejì lọ, ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹni tó ni kẹ́míìsì. Aránṣọ ni, àtìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun ló ti ń pọnmi nínú kànga wa, Màmá ló fi omi gbígbóná wẹ àkọ́bí rẹ̀. N kò kí i. Mo bi í pé kí ni ìyá mi fi ṣe wọ́n.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ so ààlè mọ́ kànga," ló ní, "ẹ tún wá ń bi mí?"

Mo ní ààlè kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ààlè: aṣọ pupa, ṣùkù àgbàdo, àlòkù bàtà, kí ló tún kù? Ó ní kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé tí olóhun bá so ìwọ̀nyí mọ́ ohun rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Ó ní gbogbo àdúgbò ti ń wá ẹni tó ṣẹ Màmá, wọ́n ti fẹ̀sùn kan ara wọn títí, àwọn méjì ò tiẹ̀ kí ara wọn mọ́. Wọ́n wá ń lọ pọnmi níbi tó jìn. Ó ní ọmọ ìjọ ni òun, òun ò gba ààlè gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ikùn ara rẹ̀ dán an wò?

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á dé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, mo dúró níbi tí àwọn tó ń yọjú máa ń dúró sí. Mo wo òpó. Ààlè ni. Ààlè tó le ni, èyí tó ga ju òrùlé lọ, tí ife ń yí lórí rẹ̀. Mo pe ọkọ mi, mo fi hàn án. Ó wò ó, ó wo ṣùkù, ó wo sílípáàsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ó sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun, ẹ̀rín ò jẹ́ kó dìde. Màmá náà wá wò ó. Ni èdè Oǹdó wọn bá yọ, èyí tí ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn kì í gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní ṣé àwọn ni aránṣọ lè rò pé àwọn á fi ààlè lé e, ẹni tí àwọn wẹ ọmọ fún. Aránṣọ ní kí ni kí òun rò? Ó ní tí kì í bá ṣe ààlè, kí wá ni?

Mo ti la ẹnu, irọ́ ti dé orí ahọ́n mi, mo fẹ́ ní òpó tẹlifíṣàn ni. Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dá mi dúró.

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ," ni wọ́n wí. "Àìsàn ṣúgà ló ń ṣe mí. Abẹ́rẹ́ ni mò ń gún. Iná tí fíríìjì oògùn mi á máa lò la ń wá."

Aránṣọ wò wọ́n títí. Mo rò pé yóò ṣàánú wọn, kí Màmá sì tún bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó patẹ́wọ́, ó ní ṣé torí ìyẹn náà ni? Ó ní nínú àwọn tó ń jókòó létí kànga yìí láràárọ̀, tí Màmá ń bá wọn wí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé fíríìjì ọkọ òun ni oògùn ṣúgà tiwọn wà. Wọ́n máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n á ní kí ọkọ òun má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o, torí ẹnu Màmá.

Màmá ò bínú sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni, ta ni?"

Aránṣọ ò sọ, bí Màmá tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Mo gun àkàbà, mo tú aṣọ pupa yẹn kúrò pátápátá, mo ju ṣùkù sínú ààrò, aránṣọ sì lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá ní gbangba kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ etí kànga ti rin. Ọkọ mi gbé àpótí Màmá padà sí yàrá, kò wò mí lójú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò wò mí, torí kọ́tìnnì tuntun tó wà ní Ijapo. Nígbà tó kan oògùn, Màmá fúnra wọn ló gbé e lọ sí kẹ́míìsì. Mo na láílọ́ọ̀nù dúdú sí wọn, wọn ò gbà á. Dókítà gbọ́, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń rìn lọ síbẹ̀ báyìí láti gún abẹ́rẹ́, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó padà, torí wọ́n fẹ́ rí ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹnjiníà padà wá ka eré afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ilé náà lè tan gílóòbù, ó lè fi agbára sínú fóònù, ṣùgbọ́n kò lè gbé fíríìjì, àfi tí òpó bá ga ju igi àgbálùmọ̀ lọ dáadáa tàbí kí igi kúrò nílẹ̀. Màmá ní afẹ́fẹ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Wọ́n há àgbálùmọ̀ fún un, ó kún àpò. Ó kó àwọn ife rẹ̀ lọ, ó fi òpó irin sílẹ̀ fún wa, àwọn tó ń fọṣọ sì ti ta okùn ìsáṣọ mọ́ ọn. Ẹ̀wù pupa kì í sí lára ohun tí wọ́n ń sá níbẹ̀, mo ti ṣàkíyèsí.

Àṣà kì í tètè fi èèyàn sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ti ibi iṣẹ́ dé, n kò tíì bọ́ bàtà, mo pe Oǹdó. Ariwo bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà, ẹ̀rín, àwọn obìnrin bíi mélòó kan ń sọ̀rọ̀ pọ̀, n kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wí. Mo pariwo, mo ní, "Màmá, ṣé ó ń fẹ́?"

"Kí ló ń fẹ́?" ni wọ́n wí. "Pè mí tó bá yá. Èèyàn wà lọ́dọ̀ mi."

Wọ́n sì pa fóònù mọ́ mi létí.